Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé Di Ibi Àjùmọ̀lò Gbogbo Ojúlé

Ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ibẹ̀ ni omi òrùlé ń gbà lọ, ibẹ̀ ni akólẹ̀ ń gbà wá kó ìdọ̀tí, abẹ́ rẹ̀ ni páìpù àti wáyà sábà máa ń wà, àwọn kan ò sì ní ibòmíràn tí wọ́n lè gbà wa ọkọ̀ wọlé. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ àtúnṣe irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni pé òdòdó àti àga ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀, tàbí tí ọkọ̀ akólẹ̀ dé tí kò ríbi gbà, gbogbo ohun tí wọ́n tò kalẹ̀ á di ìdíwọ́, wọn á sì kó o kúrò. Ọ̀nà tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí omi, ìdọ̀tí, ọkọ̀ àti ẹlẹ́sẹ̀ yóò máa gbà. Ibi tó bá ṣẹ́kù ni ẹ óò fi ṣe ìjókòó, ibi eré ọmọdé àti ọgbà.

Àwọn ìlú tó ti ṣe é dáadáa gba ọ̀nà yìí náà. Chicago, tí irú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀ tó wà níbẹ̀ lé ní 3,000 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní ọdún 2006. Omi ló lé wọn dé ibẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà náà ni kò so mọ́ gọ́tà ìlú láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àgbàrá fi ń ya wọ ilé àwọn ènìyàn. Ní Montreal, ìgbìmọ̀ àwọn ará àdúgbò ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìjọba agbègbè sì ń bá wọn hú ọ̀dà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kúrò kí wọ́n lè gbin nǹkan síbẹ̀. Ní Netherlands, òfin ọdún 1976 fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ọmọdé ní ẹ̀tọ́ láti lo gbogbo ìbú òpópónà ilé gbígbé tí wọ́n ń pè ní woonerf, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa rọra lọ ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀. Ẹ mú ohun tó bá ọ̀nà tiyín mu nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó ń lò ó

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ṣọ́bìrì, ẹ lọ wo àwòrán ilẹ̀ náà ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀nà náà lè jẹ́ ti ìjọba. Ó lè jẹ́ pé onílé kọ̀ọ̀kan ló ni ìdajì tó kan ògiri rẹ̀, tí àwọn yòókù sì ní ẹ̀tọ́ láti máa kọjá. Ó sì lè jẹ́ pé orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gé ilẹ̀ náà tà ló ṣì wà lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti ìjọba, ẹ gba ìwé àṣẹ fún ohun gbogbo tí yóò wọ inú ilẹ̀ àti ohun gbogbo tí yóò dí ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ti àwọn onílé, kí olúkúlùkù fọwọ́ síwèé àdéhùn, nítorí ẹnì kan ṣoṣo tí kò fọwọ́ sí i lè mú kí wọ́n ní kí ẹ hú gbogbo rẹ̀ padà.

Ẹ bẹ àwọn ilé iṣẹ́ omi, iná, gáàsì àti tẹlifóònù kí wọ́n wá fi ọ̀dà sàmì sí ibi tí ohun ìní wọn gbà lábẹ́ ilẹ̀. Níbi tí àmì bá wà, ọwọ́ ni kí ẹ fi gbẹ́ ilẹ̀, kí ẹ má ṣe gbé ẹ̀rọ dé ìwọ̀n mítà kan sí i.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìwé ojúlé kan: ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ìbáà ṣe onílé tàbí ayálégbé, bóyá ó ní ọkọ̀, bóyá aláàbọ̀ ara tàbí àgbàlagbà tí ń lo ọ̀pá wà nínú ilé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru tó ń sùn lọ́sàn-án, àti fèrèsé yàrá tó dojú kọ ọ̀nà náà. Ìlà tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò, òun gan-an ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé ìjókòó kalẹ̀. Ẹ tún yan ọjọ́ iṣẹ́ kan àti ọjọ́ ìsinmi kan, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́, kí ẹnì kan máa ka àwọn tó ń kọjá fún ìṣẹ́jú 15 nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan: ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́, ọkọ̀, ọmọdé tó ń ṣeré. Ẹ tọ́jú àwọn nọ́ńbà yìí. Ẹ óò tún kà wọ́n lẹ́yìn iṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ó sì ti mọ̀ bóyá àyípadà dé lóòótọ́.

Ọ̀pọ̀ àdúgbò máa ń fẹ́ kọ́kọ́ gbé géètì sí i. Ní Britain, wọ́n ń lo géètì lẹ́yìn àwọn ilé tó so pọ̀ láti dènà olè, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ìyẹn. Àmọ́ géètì tí a bá tì kò ní jẹ́ kí ọ̀nà gbogbo ènìyàn jẹ́ ti gbogbo ènìyàn mọ́. Bí olè kò bá jẹ́ ìṣòro gidi níbẹ̀, ẹ fi géètì sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ wádìí òfin tó de dídí ọ̀nà, kí gbogbo ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí panápaná àti akólẹ̀ náà sì ní tiwọn.

Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó yà á

Ẹ ya ọ̀nà náà sórí ìwé, kí sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún mítà kan. Ẹ wọn ìbú rẹ̀ ní gbogbo mítà mẹ́ta, àti níbi gbogbo tí òpó, àtẹ̀gùn, mítà iná tàbí páìpù òrùlé bá ti yọrí síta. Ibi tó tóóró jù ló máa sọ ohun tó lè gba ọ̀nà náà kọjá. Ìbú ibòmíràn kò lè yí ìyẹn padà.

Ìwọ̀n tí òfin ń béèrè fún ọkọ̀ panápaná yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ìlànà ilé kíkọ́ Britain ń béèrè ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 3.7, àti mítà 3.1 níbi géètì. Ìlànà tó wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà ń béèrè ẹsẹ̀ bàtà 20, ìyẹn mítà 6.1. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, ojú títì iwájú ilé ni panápaná yóò ti pa iná. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún yín; ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, ẹ dá mítà 1.2 sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí ohunkóhun níbẹ̀, kí ó sì fẹ̀ tó 1.8 níbi tí kẹ̀kẹ́ méjì ti lè pàdé. Kí ilẹ̀ ibẹ̀ má ṣe dà sí ẹ̀gbẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ nínú mítà kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kẹ̀kẹ́ náà á máa fà sí ògiri.

Ẹ fi rọ́bà tí omi ń hàn nínú rẹ̀, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo ìdọ́gba, wọn gíga ilẹ̀ ní gbogbo mítà márùn-ún. Omi ń fẹ́ kí ilẹ̀ dà tó sẹ̀ǹtímítà kan ó kéré tán nínú mítà kan kó tó lè ṣàn lórí ilẹ̀ líle láìdúró. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de òjò. Ẹ jáde pẹ̀lú agbòjò, kí ẹ ya àwòrán ibi tí omi ti ń wá, ibi tó ń dúró sí, àti wákàtí tó lò kó tó gbẹ. Ìwé àwòrán kan ò lè sọ ohun tí òjò kan máa fi hàn yín.

Ẹ tún fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí òjìji ilé ká ní aago mẹ́sàn-án, aago méjìlá àti aago mẹ́ta. Ọ̀nà tó wà láàárín ilé gíga méjì lè má rí oòrùn ju wákàtí méjì lọ. Ibi tí oòrùn ń dé ni ọgbà ohun jíjẹ àti páànù sólà, ibi òjìji ni ìjókòó.

Omi

Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣírò. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ lítà omi kan. Ọ̀nà tó gùn ní mítà 40 tó sì fẹ̀ ní mítà 4 jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 160. Bí òjò mílímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 8,000 ni. Òrùlé kan tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin, tó ń da omi rẹ̀ síbẹ̀, yóò fi lítà 5,000 kún un. Ẹ rí i pé òrùlé mélòó kan péré lè borí ọ̀nà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ wo bí ẹ ṣe lè mú omi òrùlé kúrò níbẹ̀: sínú dúrọ́ọ̀mù, sínú ọgbà inú ilé kọ̀ọ̀kan, tàbí sínú gọ́tà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni bóyá ilẹ̀ yín ń mu omi. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní 30 sẹ̀ǹtímítà, tó sì jìn dé ibi tí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ yín máa wà, ìyẹn kòtò tí ẹ óò kó òkúta sí láti gba omi, kí ẹ tó tẹ́ bíríkì lé e lórí. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó fà tán pátápátá kí ilẹ̀ lè mu omi yó. Ẹ tún rọ òmíràn sí i, kí ẹ wá fi rúlà wo bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ní wákàtí kan. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́ta. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìlànà ń lò ni mílímítà 13 ní wákàtí kan. Bó bá yá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ náà lè gba omi fúnra rẹ̀. Bí kò bá tó, ẹ ó nílò páìpù oníhò ní ìsàlẹ̀ tí yóò kó omi tó ṣẹ́kù jáde. Àwọn tó ń rọ omi lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀ ń tan ara wọn, nítorí ilẹ̀ gbígbẹ máa ń fa omi ju bó ṣe máa fà á lákòókò òjò lọ.

Ohun tó tún yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún gidi ni ìpìlẹ̀ ilé. Omi tí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ rán wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí i: mítà mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ìlànà Amẹ́ríkà ń sọ, Britain ń béèrè márùn-ún fún ihò tí wọ́n fi ń rán omi wọlẹ̀. Bí ògiri ilé gbígbé fúnra rẹ̀ bá wà létí ọ̀nà tó fẹ̀ ní mítà mẹ́rin, àárín ọ̀nà náà kò jìnnà sí i ju mítà méjì lọ. Níbẹ̀, ẹ má ṣe rán omi wọlẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tó nípọn bo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ kòtò, kí òkúta inú rẹ̀ kàn jẹ́ ibi tí omi yóò dúró sí fúngbà díẹ̀, kí páìpù sì máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀ sínú gọ́tà. Bó bá jẹ́ ògiri ọgbà ló wà létí ọ̀nà, tí ilé fúnra rẹ̀ sì sún sẹ́yìn, ẹ lè rán an wọlẹ̀. Ìsàlẹ̀ kòtò sì gbọ́dọ̀ ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní ó kéré tán mítà kan.

Títẹ́ ojú ọ̀nà tó ń mu omi

Kò pọn dandan láti hú gbogbo ọ̀nà. Ìlà kan láàárín, tó fẹ̀ ní mítà 1.2, sábà máa ń tó, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì máa dà sí i. Nínú àpẹẹrẹ mítà 40 wa, bí òkúta inú rẹ̀ bá jìn ní 50 sẹ̀ǹtímítà, kúbíìkì mítà 24 ni. Àyè tó wà láàárín òkúta tó mọ́ tó nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà yóò gba lítà 8,400, ìyẹn ju omi tó rọ̀ sórí ọ̀nà náà lọ. Ní ilẹ̀ tó ń mu mílímítà 13 ní wákàtí kan, omi náà yóò wọlẹ̀ tán láàárín nǹkan bíi wákàtí 13.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dé 63 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn òkúta 50, òkúta wẹ́wẹ́ tí bíríkì máa jókòó lé 5, àti bíríkì 8. Ilẹ̀ tí ẹ óò gbẹ́ jáde jẹ́ kúbíìkì mítà 30, yóò sì wú tó 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó bá ti tú. Ẹ ti wá ibi tí ẹ máa kó o sí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí àyè láti kó o jọ nínú ọ̀nà tóóró. Ẹ má ṣe ki ìsàlẹ̀ kòtò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ gùn ún: ilẹ̀ tí a bá ti ki kò ní mu omi mọ́, gbogbo ìdánwò tí ẹ ṣe ti di asán nìyẹn. Bí òjò bá sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì fi réèkì tú u tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Ẹ na aṣọ geotextile, ìyẹn aṣọ tí omi ń gbà kọjá àmọ́ tí iyẹ̀pẹ̀ kì í gbà kọjá, sí ẹ̀gbẹ́ kòtò kí iyẹ̀pẹ̀ má baà wọ inú òkúta. Ẹ da kọnkéré sí etí méjèèjì, kí ó fẹ̀ ní 15 sẹ̀ǹtímítà kó sì jìn ní 30, kí bíríkì má lè sún. Òkúta ìsàlẹ̀ jẹ́ èyí tó tóbi láti 20 dé 63 mílímítà, 40 sẹ̀ǹtímítà nínípọn. Ẹ dà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ sì ki í lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó tóbi láti 5 dé 20 mílímítà ló tẹ̀ lé e, sẹ̀ǹtímítà 10. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta wẹ́wẹ́ láti 2 dé 6 mílímítà, sẹ̀ǹtímítà 5, tí ẹ óò kàn fi pákó fà kó dọ́gba, ẹ má ki ìyẹn. Gbogbo òkúta yìí pátá gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fọ̀. Fún kúbíìkì mítà 24, ẹ máa retí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 36.

Bíríkì íńtálọ́ọ̀kì tó nípọn ní mílímítà 80 ni ẹ lò bí ọkọ̀ yóò bá gùn ún. 60 tó fún ẹlẹ́sẹ̀ nìkan. Kí àlàfo àárín wọn jẹ́ mílímítà 6 sí 13. Bó bá jẹ́ irú èyí tó gba 10 lọ́nà 20 sẹ̀ǹtímítà pẹ̀lú àlàfo rẹ̀, 50 ló máa bo mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí náà 2,400 ni, kí ẹ sì fi 120 kún un fún èyí tó bá fọ́ tàbí tí ẹ gé. Ẹ tò wọ́n ní dídábùú ara wọn, kí ìlà kan má gùn tààrà ní apá tí táyà ń yí sí. Ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ yẹn kan náà kún àlàfo, kí ẹ gbé ẹ̀rọ kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ tún kún un títí ó fi ku nǹkan bíi mílímítà 5 sí ojú bíríkì.

Yanrìn ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù lọ. Oníṣẹ́ tó ti ń tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì lásán fún ọdún pípẹ́ yóò fẹ́ fi yanrìn tàbí ìyẹ̀fun òkúta tẹ́ ìsàlẹ̀, kó sì gbá a sínú àlàfo, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe é. Omi ò ní gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń já òkúta kalẹ̀: ẹ bu ẹ̀kún ọwọ́ kan sínú ike omi, kí ẹ mì í. Bí omi náà bá di ẹrẹ̀, ẹ dá ọkọ̀ náà padà. Ẹ má tún ṣe jẹ́ kí wọ́n po kọnkéré lórí bíríkì tí ẹ ti tẹ́.

Bí ọ̀nà bá dàgẹ̀rẹ̀, ohun mìíràn tún wà. Omi inú òkúta kì í dúró ní gbogbo gígùn kòtò, yóò sáré lọ sí òpin ìsàlẹ̀, á sì bú jáde níbẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta nínú mítà kan, ẹ fi kọnkéré dábùú kòtò ní gbogbo mítà mẹ́wàá, kí ó ga tó 40 sẹ̀ǹtímítà, kí abala kọ̀ọ̀kan lè dá omi tirẹ̀ dúró.

Ní apá tí kò bá ní mu omi, ẹ yan kọnkéré tàbí bíríkì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ dípò ọ̀dà dúdú. Ọ̀dà máa ń gba ooru oòrùn lọ́sàn-án, á sì máa tú u jáde lóru lábẹ́ fèrèsé àwọn tó fẹ́ sùn. Àmọ́ kí ó má funfun jù, kó má baà máa mọ́lẹ̀ sínú yàrá.

Ọkọ̀

Kò yẹ kí a lé ọkọ̀ kúrò níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbà wọ gáréèjì wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wá, kí wọ́n máa rọra ni. Àkọlé kì í dín eré kù tó bí ọ̀nà tó ń yí. Ẹ gbé àpótí òdòdó ńlá sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí èyí tó tẹ̀ lé e wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ́yìn mítà 10 sí 12, kí ẹni tó ń wakọ̀ má ṣe rí ọ̀nà tààrà títí dé òpin. Ẹ dá mítà mẹ́ta sí fún ọkọ̀ láti kọjá, kí àpótí má sì ga ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀ nítòsí géètì gáréèjì. Ọmọ kékeré tó bá wà lẹ́yìn igi tó ga, awakọ̀ tó ń fẹ̀yìn jáde kò ní rí i.

Ẹ fi àpótí tó ṣeé gbé dán an wò fún oṣù kan sí mẹ́ta kí ẹ tó da kọnkéré kankan. Kí ọkọ̀ akólẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, kí onígáréèjì kọ̀ọ̀kan wọlé kó sì jáde. Ibi tí wọ́n bá ti fi ara ọkọ̀ ha àpótí ni kí ẹ ti sún un kúrò. Oṣù àkọ́kọ́ yìí ló máa sọ òtítọ́ tí ìpàdé kankan kò ní sọ.

Gbíngbin

Ilẹ̀ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ti rí eérú, ọ̀dà ògiri àtijọ́ àti ọ́ìlì ọkọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Kí ẹ tó gbin ohun tí ẹnikẹ́ni yóò jẹ, ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò fún òjé. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tó ń mú kí ìjọba dá sí iyẹ̀pẹ̀ ilé gbígbé jẹ́ 400 nínú mílíọ̀nù kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2024 wọ́n mú un wálẹ̀ sí 200, nítorí ọmọdé. Bí ẹ kò bá lè ṣe àyẹ̀wò, ẹ gbin ohun jíjẹ sínú àpótí tó ní ìsàlẹ̀ tirẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ rà wá. Ẹ̀fọ́ ń fẹ́ iyẹ̀pẹ̀ 30 sẹ̀ǹtímítà, igi kékeré 45, ti igi tó máa fún ni ní ibòji kò yẹ kó dín sí 80. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ àpótí. Kí iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju etí rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, kí òjò má baà gbá a sórí bíríkì tó ń mu omi.

Ohun tó ń gun ògiri ló bá ọ̀nà tóóró mu jù, nítorí kì í gba ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ògiri fúnra rẹ̀. Èyí tó ń fi gbòǹgbò di ògiri mú máa ń wọ inú sìmẹ́ǹtì tó ti sán. Ẹ na wáyà ní 40 sẹ̀ǹtímítà síra wọn, kí ó yọ kúrò lára ògiri ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹni tó ni ògiri fọwọ́ síwèé kí ẹ tó lu ìṣó kan. Ẹ má gbin igi sí ìwọ̀n mítà mẹ́ta sí páìpù ìdọ̀tí, pàápàá èyí tó ti gbó.

Igi tuntun ń fẹ́ lítà 40 sí 60 lọ́sẹ̀ kan ní ìgbà ẹ̀rùn fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Dúrọ́ọ̀mù lítà 200 kan lábẹ́ páìpù òrùlé yóò bójú tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ọ̀sẹ̀ kan. Omi inú rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 200, nítorí náà orí búlọ́ọ̀kù tó dọ́gba ni kí ó wà, kí ẹ fi okùn irin dè é mọ́ ògiri. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dé gbogbo ẹnu rẹ̀, títí kan ibi tí omi ti ń ṣàn jáde nígbà tó bá kún: ẹ̀fọn lè ti ẹyin di èyí tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá níbi tí ó bá móoru.

Ìdọ̀tí àti eku

Ẹ kó àwọn ike ìdọ̀tí sí òpin ọ̀nà tí ọkọ̀ akólẹ̀ ń dé, lórí kọnkéré tó ṣeé fọ̀, tó ń dà sí gọ́tà, kì í ṣe sí òkúta tó ń mu omi. Ike lítà 240 kan gba nǹkan bí 60 lọ́nà 75 sẹ̀ǹtímítà; ẹ fi ìdajì mítà kún iwájú rẹ̀ kí ó lè ṣeé fà jáde. Ilé tó jìnnà ju mítà 30 sí ibẹ̀ yóò máa fi àpò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà bí ọ̀nà bá gùn, ẹ ṣe ibi méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ajílẹ̀, kí àpótí rẹ̀ tó mítà kan ní gígùn, ìbú àti gíga. Èyí tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ kì í gbóná tó. Ìpín méjì sí mẹ́ta ewé gbígbẹ àti páálí sí ìpín kan èèpo tútù. Bí ó bá ń rùn, ó tutù jù ni: ẹ fi páálí kún un kí ẹ sì yí i. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì irin tí ihò rẹ̀ kò ju mílímítà 6 lọ yí i ká, títí kan ìsàlẹ̀, kí eku má wọlé. Ẹran, egungun, òróró àti oúnjẹ tí a ti sè kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Bí kò bá sí ẹni méjì tó gbà láti máa tọ́jú rẹ̀, ẹ má dán an wò.

Ìjókòó àti iná

Ìjókòó tó ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà, tó ní ẹ̀yìn àti apá, ni àgbàlagbà lè dìde nínú rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé yàrá ní ó kéré tán mítà mẹ́ta, kí ẹ má sì to púpọ̀ jọ síbì kan: méjì-méjì tó tú ká máa ń dákẹ́ ju ìjókòó ńlá kan lọ. Ẹ kọ wákàtí tí ariwo yóò dúró sínú àdéhùn, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ òru kí ẹ tó yan wákàtí náà.

Iná tó mọ́lẹ̀ jù ń dá òkùnkùn sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú ò sì ní rí ẹni tó dúró síbẹ̀. Iná kékeré púpọ̀, ní gíga mítà mẹ́ta sí mẹ́rin, tó dorí kọdò, tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju 3000 Kelvin lọ, ìyẹn iná aláwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́, ló dára jù. Páànù sólà tó so mọ́ orí iná kì í rí oòrùn tó nínú ọ̀nà tóóró. Ẹ gbé páànù sórí òrùlé, kí wáyà wá sísàlẹ̀.

Ìtọ́jú àti àdéhùn

Ọ̀nà tí kò lórúkọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ yóò padà sí bó ṣe wà. Ẹ pín in sí abala, kí ojúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní abala tirẹ̀, kí orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: fífún omi, gbígbá, ṣíṣí gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá owó díẹ̀ jọ ní oṣooṣù láti ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kí ayálégbé má ṣe san ju onílé lọ, kí ó sì ní ohùn kan náà nínú ìpàdé. Àtúnṣe tó bá dára máa ń mú kí àwọn onílé fẹ́ fi owó kún owó ilé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn onílé tó bá gbà kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn kò ní fi iṣẹ́ tí ayálégbé bá wọn ṣe gbówó lé owó ilé fún iye ọdún tí wọ́n bá fẹnu kò sí.

Ní ti ojú ọ̀nà, ẹ gbá a lóṣooṣù, ní pàtàkì nígbà tí ewé ń wọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ yan ibi márùn-ún, kí ẹ da gàlúùnù omi kan sí ojú kan ṣoṣo ní ibi kọ̀ọ̀kan. Bó bá wọlẹ̀ níbi tí ẹ dà á sí, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣàn ju mítà kan lọ, àlàfo ti dí níbẹ̀: ẹ fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí yọ òkúta wẹ́wẹ́ òkè tó sẹ̀ǹtímítà méjì, kí ẹ fi tuntun tó mọ́ rọ́pò rẹ̀. Kí ẹ tó tún un kún, ẹ wo ibi tí iyẹ̀pẹ̀ náà ti wá, nítorí ó sábà máa ń jẹ́ láti inú àpótí òdòdó kan tó kún jù tàbí ẹnu ọ̀nà kan tí kò tíì ní kọnkéré.